Ìrì Dídì Oṣù Karùn-ún àti Igi Ápù Ọmọ Mi

   

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi ní ilẹ̀ àjò, ọ̀rọ̀ oko ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní: "Ṣé torí àtiroko ni a ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí ìlú Òyìnbó?" N kò bá yín jiyàn. Èmi gan-an tí mò ń kọ̀wé yìí, ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo sì sá fún ọkọ́ nígbà tí mo wà ní Ìkirè. Àfi ìgbà tí mo dé Salford, tí ọmọ mi obìnrin bi mí léèrè lọ́jọ́ kan bóyá inú ike tí wọ́n fi ń tà á ni ápù ti ń hù, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín mọ ohun tí wọ́n ń pè ní allotment, èyíinì ni ilẹ̀ oko kékeré tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà fún ará ìlú lọ́dọọdún. Láti ọdún 1908 ni òfin ti wà tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ pèsè irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó bá ń fẹ́ ẹ. Tiwa wà ní apá Kersal, ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá odò Irwell. Ilẹ̀ náà dúdú, ó rọ̀, ó sì lọ́ràá. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìsàlẹ̀ tí ó wà yẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Ní ọdún tí ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́rin ni a gbin igi ápù kan síbẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. A gbin àjàrà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà onípákó ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Mo sọ fún wọn pé bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni igi wọn yóò máa dàgbà. Ẹ mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tán kó wá lọ sùn. Mo yára lo ọgbọ́n tí bàbá mi fi kọ́ wa nílé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbin iṣu rí mọ̀ ọ́n: bí a bá ti gbin èbù sínú ebè tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó kó koríko gbígbẹ tàbí ewé, a ó fi dé orí ebè, kí oòrùn má baà se iṣu náà sínú ilẹ̀. Bàbá mi a máa sọ fún wa pé ebè tí kò bá dé fìlà, orí yóò fọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ra koríko gbígbẹ, tí mo tẹ́ ẹ nípọnnípọn sí ìdí ápù àti àjàrà. Àwọn ọmọ bá mi rù ú. Mo ní, "Ọgbọ́n Bàbá Àgbà yín nìyí."

Ẹ ó rántí ọdún 2020, ọdún tí àrùn Kòrónà sé wa mọ́lé. Láti ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni ìjọba ti pàṣẹ kí oníkálukú jókòó sílé. Ilé ẹ̀kọ́ tì, ilé ìjọsìn tì. Oko nìkan ni a ń rí lọ, nítorí òfin gbà kí ènìyàn lọ tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ọdún náà kò lẹ́gbẹ́. Nínú gbogbo ìgbà ìrúwé tí wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí títí di ìgbà náà, òun ni oòrùn rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Igi ápù rúdi, ó tanná, ó funfun báláú, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Nígbà tí oṣù Karùn-ún wọlé, òdòdó ti ń rẹ̀ dànù, èso kéékèèké tí kò ju orí ìṣó lọ ti ń yọ. Àjàrà náà ti na ọ̀mùnú tó gùn tó ìka ọwọ́. Ọmọ mi ka èso orí igi rẹ̀, ó ní 61 ni. Kò sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn.

Ní àárín oṣù Karùn-ún náà ni òtútù padà dé láti ìhà àríwá, nígbà tí gbogbo wa ti kó aṣọ òtútù sínú àpótí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run mọ́ kedere, ewé kan kò mì. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi ìràwọ̀ han àwọn ọmọ. Mo ní ojú ọ̀run mà dára lálẹ́ yìí o. N kò mọ̀ pé ojú ọ̀run tí mò ń yìn ni yóò kó wa lérè lọ.

Nígbà tí a dé oko láàárọ̀, koríko gbígbẹ tí mo tẹ́ ti funfun bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ sí i. Ọ̀mùnú àjàrà rọ wọ̀ǹjọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀; kí ó tó di ọ̀sán, ó ti dúdú. Èso ápù ṣì wà lórí igi ní tirẹ̀, mo sì ti ń dúpẹ́. Àmọ́ bàbá òyìnbó kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa yọ ọ̀bẹ àpò rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó já ọ̀kan, ó là á sí méjì. Àárín rẹ̀ ti dúdú. Ó ní wọn yóò já bọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nínú 61, ó ku 4.

Bàbá náà ní tẹ̀mómítà kan tó so mọ́ igi inú oko rẹ̀, irú èyí tó máa ń fi òtútù tó mú jù lóru hàn. Ó júwe rẹ̀ fún wa: ó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìwọ̀n 2 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Igi ápù tirẹ̀ pàdánù díẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èso rẹ̀ yè. Mo béèrè ohun tó fà á. Ó fi bàtà rẹ̀ ta koríko gbígbẹ ìdí igi wa, ó ní aṣọ tí mo dà bo ilẹ̀ yìí ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ fún igi mi ní ooru lóru. Ọmọ mi gbọ́ ọ. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi wọ ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó ní:

"Dádì, ṣé Bàbá Àgbà kò mọ iṣẹ́ oko ni?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ koríko mọ́. Gbogbo ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí, láti orí ìkúnlẹ̀ kí àgbà dé orí oúnjẹ tí a ń jẹ, orí gbólóhùn kan náà ni mo gbé e kà: bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyí. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ lójú ọmọ, kí ni yóò dá èyí tó kù dúró? Mo fẹ́ ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́. Mo fẹ́ sọ pé òyìnbó náà ló ń ṣàròyé. Ṣùgbọ́n ápù tí ó là sí méjì ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ bàbá mi láago, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí ilé máa gbọ́.

"Ẹ káalẹ́, Bàbá."

"O káalẹ́, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé àrùn yẹn kò kan ilé yín?"

Mo ní kò kàn wá, Ọlọ́run ló ṣọ́ wa. Mo wá ro gbogbo ẹjọ́ náà: koríko, ìrì dídì, 61 tó di 4. Mo rò pé inú yóò bí i. Inú kò bí i rárá. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí, bí ẹni tó ń wádìí àìsàn.

"Ọ̀sán ni òtútù náà dé ni, àbí òru?"

"Òru ni, Bàbá."

"Ṣé atẹ́gùn fẹ́?"

"Kò fẹ́ rárá."

"Ṣé ojú ọ̀run ṣú?"

"Kò ṣú. Ìràwọ̀ kún inú rẹ̀."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún ní: "Nígbà tí o wà ní kékeré, tí a bá jí lọ oko láàárọ̀ kùtù, ibo ni ìrì ti máa ń rin ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Nínú koríko, ní gbangba."

"Abẹ́ mángòrò ẹnu ọ̀nà oko ńkọ́?"

Mo rántí. Abẹ́ mángòrò náà a máa gbẹ. Ibẹ̀ ni a ti máa ń nu ẹsẹ̀.

"Ó dára," ni bàbá mi wí. "Ohun tó bá wà ní gbangba lábẹ́ ọ̀run ni ìrì ń sẹ̀ sí. Igi tó yẹ kí o dà aṣọ bò lo fi sílẹ̀ ní gbangba. Ilẹ̀ tí ọ̀ràn kò kàn lo wá lọ bò. Èmi kò kọ́ ọ pé kí o máa bo ilẹ̀. Mo kọ́ ọ pé kí o bo ohun tí ìyà fẹ́ jẹ, kí o sì mọ ibi tí ìyà náà ti ń bọ̀. Tiwa ń ti ọ̀sán bọ̀, tiyín ń ti òru bọ̀."

Ọmọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Bàbá Àgbà, ṣé ìrì tiyín máa ń dì?"

"Rárá o, ìyá mi. Omi ni tiwa. Tiyín ló ya òǹrorò."

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Bàbá mi kò rí ìrì dídì rí láyé rẹ̀, kò sì tíì kúrò ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Síbẹ̀, ohun tí ó sọ àti ohun tí bàbá òyìnbó sọ, ọ̀kan náà ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ bí ó ti yé mi, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí olè ṣe ń wọlé kò lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò tì.

Ní ọ̀sán, ilẹ̀ a máa gba ooru oòrùn mọ́ra. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ilẹ̀ àti igi a bẹ̀rẹ̀ sí í tú ooru náà sókè sí ojú ọ̀run. Bí ìkùukùu bá wà, a dà bí aṣọ ìbora, a dá púpọ̀ nínú ooru náà padà. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, a po afẹ́fẹ́ tútù ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lókè. Ṣùgbọ́n ní òru tí ojú ọ̀run mọ́, tí atẹ́gùn sì dákẹ́, kò sí ohun tó dá ooru dúró. Ewé àti òdòdó a tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí wọn ká lọ, ìrì ara wọn a sì di yìnyín. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ nìkan ni ìkòkò iná tí igi ní. Bí a bá ti da koríko bo ilẹ̀, oòrùn kò ní rí i mú gbóná lọ́sàn-án, ooru ìwọ̀nba tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní ráyè jáde lóru. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Salford níhìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Manchester lọ sí Liverpool ti gba orí Chat Moss kọjá, ilẹ̀ àbàtà ńlá tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin náà ti là kọjá láti ọdún 1830. Koríko àti ewéko tó ti ń kú léra wọn lórí láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí kò jẹrà tán nínú omi, ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ojú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá gbẹ, afẹ́fẹ́ a kún inú rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ gòkè wá. Ìdí nìyẹn tí ìrì dídì fi ń yára mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ju ilẹ̀ amọ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé àdáyébá ti tẹ́ koríko sí i bí èmi ti tẹ́ ẹ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ, nítorí náà a máa ṣàn bí omi lọ sí ibi tó bá rẹlẹ̀. Oko wa wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Gbogbo òtútù òkè ló ń ṣàn bá wa. Ọgbà onípákó tí kò ní ihò, tí mo kàn kí ẹran má baà wọlé, ló wá sé e mọ́ wa lọ́dọ̀ bí ìdídò. Bàbá òyìnbó ní kí n yọ pákó méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí òtútù lè rí ọ̀nà ṣàn kọjá lọ sí odò. Mo yọ wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Igi tó ń sùn kò bẹ̀rù. Ápù tí kò tíì rúwé lè fara da òtútù tó lágbára gan-an láàárín oṣù Kìn-ín-ní, kí nǹkan kan má ṣe é. Ìgbà tó bá jí, tó ṣí àyà rẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn, ni agbára yẹn fi í sílẹ̀. Nígbà tí ápù bá tanná tán, ìwọ̀n 2 péré nísàlẹ̀ òdo tó láti pa nǹkan bí ọ̀kan nínú òdòdó mẹ́wàá; bí ó bá sún mọ́ ìwọ̀n 4, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lè lọ. Ọ̀mùnú àjàrà tilẹ̀ rọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ìwọ̀n 1 sí 2 nísàlẹ̀ òdo ló ti ń kú. Ìdí nìyí tí ooru oṣù Kẹrin fi ń tan àgbẹ̀ jẹ. Oòrùn tó tètè dé a jí igi kí òru tó gbàgbé òtútù. Ní apá ibi tí a wà yìí, ẹ má ṣe fọkàn balẹ̀ kí oṣù Karùn-ún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Kí wá ni kí a ṣe? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n àwọn tí mo ti dán wò ni mo fẹ́ kà fún yín.

Ẹ kó gbogbo koríko gbígbẹ kúrò ní ìdí igi kí ó tó rúdi, kí ẹ sì gé koríko tútù ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí òrùlé ilé bá ti wọ́ọ́rọ́ tán ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lè dá koríko gbígbẹ yẹn padà. Nígbà náà, ọgbọ́n ebè bá ilẹ̀ yìí náà mu, nítorí a máa pa omi mọ́. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi rin ín ní ọ̀sán tàbí ní ọjọ́ tó ṣáájú òru tí ẹ ń bẹ̀rù, nítorí ilẹ̀ tútù ń pa ooru mọ́ ju ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

Ẹ bo igi fúnra rẹ̀. Aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ń tà fún olùtọ́jú ọgbà, tí wọ́n ń pè ní fleece. Bí kò bá sí, aṣọ ibùsùn tó ti gbó yóò ṣe é. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ yí igi ká kí aṣọ má baà lẹ̀ mọ́ òdòdó, ẹ dà á bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì balẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mọ́ ìtí igi lókè bí ẹni di orí àpò. Ooru ilẹ̀ ni a fẹ́ mú sábẹ́ aṣọ; bí a bá dì í lókè, a ti ti ooru náà mọ́ ìta. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ṣí i, nítorí oyin kò lè bá aṣọ ṣiṣẹ́, òdòdó tí oyin kò bá sì bẹ̀ wò kì í so.

Bí ẹ kò bá tíì gbin igi, ẹ wá ògiri tó dojú kọ gúúsù. Bíríkì a máa gba oòrùn lọ́sàn-án, a sì máa fún igi lóru. Ọgbọ́n àtijọ́ ni ní ilẹ̀ yìí. Ní Worsley, nínú Salford kan náà, ẹgbẹ́ olùtọ́jú ọgbà tí wọ́n ń pè ní Royal Horticultural Society ṣí ọgbà Bridgewater fún ará ìlú ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, lórí ilẹ̀ tí ilé ńlá Worsley New Hall wà nígbà kan rí. Ọgbà olódi kan wà nínú rẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ tó éékà 11. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ kan bíríkì náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí oòrùn bá ràn; wọn yóò mọ̀ pé ògiri lè di ààrò.

Ẹ sì yan irú igi tí kì í kánjú. Ápù àtijọ́ kan wà tó ń jẹ́ Court Pendu Plat, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ápù ọlọ́gbọ́n, nítorí pé a máa pẹ́ kó tó tanná, ìrì dídì a sì ti kọjá lọ. Àjàrà náà lọ́gbọ́n tirẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀mùnú rẹ̀ kú, ẹ má fi ìbínú hú u. Nínú ìrudi kan ṣoṣo lára ẹ̀ka àjàrà, mẹ́ta ló fara pamọ́ síbẹ̀. Bí àkọ́kọ́ bá kú, èkejì a jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èso rẹ̀ kì í pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe ní ọdún 2020: ó rúwé padà nínú oṣù Kẹfà, kò so, ṣùgbọ́n kò kú.

Àwọn olóko ńlá ní ọ̀nà tiwọn. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2021, ìrì dídì bá àwọn ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì tan àbẹ́là ńláńlá láàárín ẹsẹẹsẹ àjàrà lóru. Àwọn mìíràn ń lo fáànù gìrìwò láti fa afẹ́fẹ́ òkè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ń wọ́n omi sí igi láti òru mọ́jú, nítorí omi tó ń di yìnyín a máa tú ooru sílẹ̀. Ẹ má ṣe dán ti omi wò nínú oko yín, nítorí bí omi bá dáwọ́ dúró kí yìnyín tó yọ́, igi á bọ́ sínú òtútù tó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọdún 2021 náà dán wa wò. Oṣù Kẹrin ọdún náà ni òru òtútù rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ yìí láàárín 60 ọdún. Tí a bá pín in káàkiri gbogbo ilẹ̀ náà, ó tó òru 13. Ṣùgbọ́n òtútù yẹn kan náà jẹ́ kí ápù sùn pẹ́. Nígbà tó jí, ọmọ mi ni olùṣọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, a jáde sí ẹnu ọ̀nà, a wo òkè bóyá ìràwọ̀ ń yọ, a sì wo ewé igi àdúgbò bóyá ó ń mì. Bí ìràwọ̀ bá yọ, tí ewé kò mì, a sáré wọlé, a ní: "Dádì, olè ń bọ̀ lálẹ́ yìí." Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. A ó wọ bàtà, a ó gba ọ̀nà oko, èmi, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ibùsùn lórí. Ìgbà márùn-ún ni a ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ìyá wọn ní bí àwọn ọlọ́pàá bá dá wa dúró, òun kò mọ̀ wá.

Nígbà ìkórè, a ká ápù 38. Àjàrà so ìdì mẹ́ta, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí oòrùn ọdún náà kò tó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ gbogbo rẹ̀ láìkọ́mú, nítorí tirẹ̀ ni. A fi àwòrán ápù ránṣẹ́ sí Ìkirè. Bàbá mi kò béèrè iye rẹ̀. Ó béèrè bóyá ó dùn.

Ẹ̀yin òbí, n kò fi ìtàn yìí sọ pé kí a máa kó àṣà ilé sọnù bí koríko ìdí igi. Ohun tí mo rí ni pé mo ti fún àwọn ọmọ mi ní koríko, n kò fún wọn ní ìdí tí a fi ń tẹ́ ẹ. Bí ìgbà bá yí, koríko lè ṣèṣe. Ìdí rẹ̀ kì í ṣèṣe. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ bá béèrè ìdí tí a fi ń ṣe nǹkan kan báyìí, n kì í sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, kí n sì pa ẹnu dé. Mo máa ń wá ìdí rẹ̀. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, mo máa ń tẹ àgbà láago, kí ọmọ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó ni í.

Bí oṣù Kẹrin bá tún dé, tí oòrùn sì ń tàn yín, ẹ máa wo ojú ọ̀run ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá mọ́ jù, tí ewé sì dákẹ́, ẹ kó aṣọ, ẹ pe àwọn ọmọ, kí ẹ jọ lọ. Èso wa kò ní rẹ̀ dànù o. Ire o.